Ràhímù Àtàndá àti Píánò Eyín Mọ́kànlélọ́gọ́ta

Ràhímù Àtàndá kì í purọ́ nípa ohun tí ènìyàn lè lọ yẹ̀wò. Òfin tó fi lélẹ̀ fún ara rẹ̀ nìyẹn, ó sì ń pa á mọ́ ju bí àwọn mìíràn ṣe ń pa òfin ìjọba mọ́ lọ. Bó bá fẹ́ sọ pé òun ti ṣọ́ gólì rí, Ìgbòho ló ti ṣọ́ ọ. Bó bá fẹ́ sọ pé àwọn ọmọ olówó ni òun ń kọ́ ní Kùránì kí òun tó wá, Ìgbòho náà ni. Láti Treichville, ní Abidjan níbí, dé Ìgbòho, ẹnubodè mẹ́rin ni èèyàn yóò là kọjá. Ta ló fẹ́ fi owó mọ́tò ṣòfò torí kó lè mọ̀ bóyá Ràhímù mú bọ́ọ̀lù rí?

Ìsọ̀ mi ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ nínú ọjà ńlá Treichville láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìkòkò àti abọ́ ni mo ń tà. Òun ń ta rédíò, tọ́ọ̀ṣì, ṣájà fóònù, àti gbogbo nǹkan tó máa ń tan iná fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó kú. Ràmúlátù ni orúkọ mi, ọmọ Ṣakí ni mí. Ẹni tó bá ń wá ìtàn tí wọ́n bu oyin lé, kó lọ bá ẹlòmíràn. Mo mọ ọkùnrin yìí dáadáa. Mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń bí mi nínú púpọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà tó dé, pẹ̀lú báàgì kan àti káàdì ìdánimọ̀ tí fọ́tò inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́. Ó kọ́kọ́ ń kiri tọ́ọ̀ṣì láàárín àwọn gbaka, bọ́ọ̀sì kéékèèké wọ̀nyẹn, ní Siporex, ó ń sáré tẹ̀lé wọn, ó ń na tọ́ọ̀ṣì sí ojú fèrèsé ní ọ̀sán gangan. Ó fi ẹsẹ̀ méjì yẹn sá títí ó fi ní ìsọ̀. N kò ní fi ìyẹn dù ú. Kò jalè rí. Bí o bá gbàgbé ṣéńjì rẹ sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sá tẹ̀lé ọ dé ibi tí o ti ń wọ ọkọ̀. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò ní ìjánu. Àwọn àgbà sì ti wí i pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ gólì yẹn, fún àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọkùnrin ọjà fẹ́ bá àwọn Jùlá tó ń ta ẹran gbá bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n sì wá pe aṣọ́lé wa tí òkìkí rẹ̀ kàn ní Ìgbòho. Aṣọ́lé ní orúnkún ń dun òun. Oṣù kan gbáko ló fi ń tiro. Lọ́jọ́ Àlàmísì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dùn ún. Tó bá fi máa di ọjọ́ Àtàlátà, ìrora náà á ti kọjá sí òsì. Mo ní kó mú ọ̀kan níbẹ̀. Ó ní ìrora àwọn aṣọ́lé kì í dúró sójú kan.

Ohun kan ṣoṣo ni kò rí irọ́ pa sí: kò ní ìyàwó. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì ni nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ìyá rẹ̀ máa ń pè é láti Ìgbòho. "Ṣé o ti rí i?" ni ìyá máa ń bi í, bí ẹni pé ewúrẹ́ tó já okùn ni ìyàwó. Ràhímù á ní òun ṣì ń wá a. Lẹ́yìn náà, á jókòó sórí àpótí rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn nìkan ni mo máa ń rí ojú rẹ̀ tòótọ́.

Báyìí ni píánò ṣe dé. Ó wà nínú ẹrù kan tí ó rà ní àpapọ̀, nínú páálí gígùn kan tí wọ́n ya ọmọ òyìnbó tó ń rẹ́rìn-ín sí lára. Wọ́n kọ ọ́ sí páálí náà gàdàgbà pé débutant, ìyẹn ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kò wúwo ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ. Ó ṣeé ká sí méjì, kó wọ báàgì, kí èèyàn gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ṣájà fóònù ni a fi ń ṣáàjì rẹ̀. Eyín tí wọ́n ń tẹ̀ lára rẹ̀, funfun àti dúdú, jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó rà á. Àwọn mùsùlùmí bi í léèrè ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n fi ìka gún un, wọ́n ní ńlá ni àwọn ń wá. Eruku bò ó fún oṣù mẹ́ta.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ràhímù ń nù ún, ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́tìnnì kékeré kan ní igun. Démo ni wọ́n kọ sí i. Iṣẹ́ bọ́tìnnì yẹn ni kí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ kọ orin kan kí oníbàárà lè gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe rí. Orin bẹ̀rẹ̀. Orin tó yára, tó ń gòkè, tó ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni pé ọkùnrin oníka méjìlá ló ń tẹ̀ ẹ́. Ràhímù fò sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó sún mọ́ ọn, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè eyín píánò láìfi kàn án, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí mì wọ́n. Àwọn tó ń kọjá dúró. Obìnrin Jùlá kan tó ń ta ata ní "Wallaï, ọkùnrin yìí gbóná!" Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé a ti wọ gàù.

Bó ṣe ń fi ọwọ́ bẹ́ afẹ́fẹ́ báyìí lójoojúmọ́ ni Raliatou ṣe bá a.

Raliatou jẹ́ ọmọ Alhaji Taïrou tó ń ta aṣọ ní òkè ọjà, ọmọ Ṣakí bíi tèmi. Treichville ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Riviera, àdúgbò àwọn olówó. Ó gbọ́ Yorùbá délẹ̀, àmọ́ bó bá ń sọ ọ́, àfi bí ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn èèyàn wa ti ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ọjọ́ orí ti ń lọ lórí rẹ̀, pé ìwé ló pọ̀ jù lórí rẹ̀. Píánò tí kò wọ́n ló wá rà. Ó fẹ́ kọ́ ọ fúnra rẹ̀, kó lè máa fi kọ orin fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Ó ti wò ó ní Riviera, iye tí wọ́n pè é níbẹ̀ kì í ṣe iye tí wọ́n ń pè fún tíṣà.

Ó dúró, ó gbọ́ orin náà tán, ó pàtẹ́wọ́.

"Mais vous jouez trop bien, deh! Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ̀ jù! Ta ló kọ́ yín?"

Ràhímù wò mí. Mo wo àwọn ìkòkò mi.

"Ìgbòho," ni Ràhímù wí. "Ìgbòho ni mo ti kọ́ ọ."

"Ìgbòho? Píánò wà níbẹ̀?"

"Ó pọ̀ lọ́hùn-ún. Ilé-ìwé tiwa nìkan ní mẹ́ta."

Mo ní láti lọ sẹ́yìn ìsọ̀ lọ fi aṣọ bo ẹnu mi. Mo mọ Ìgbòho. Ṣakí àti Ìgbòho kò jìnnà síra. Ilé-ìwé tó ní àga tó pé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ìyẹn ná. Àmọ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Raliatou nígbà tó délé kẹ́yìn, oorun ló sì fi gbogbo ọ̀nà sùn. Ó gbà á gbọ́.

Ó ní kó ta píánò náà fún òun. Ràhímù fi àtẹ́lẹwọ́ bo ibi tí iye rẹ̀ wà, ó ní tòun ni, kì í ṣe títà, ó ní òun á bá a wá òmíràn. Kó tó di ìgbà náà, òun á máa kọ́ ọ. Lọ́fẹ̀ẹ́. Kó máa bọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́rú tí kò sí iṣẹ́ ní ilé-ìwé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, báwo ni yóò ṣe kọ́ ẹlòmíràn? Ràhímù ní ọgbọ́n tirẹ̀. Nígbà tí Raliatou dé ní ọjọ́rú àkọ́kọ́, ó ní kó jókòó, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ píánò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí yóò fi gbọ́ ọ fún ogójì ọjọ́. "Etí ló ń kọ́kọ́ kọ́ ọ," ló wí. "Ọwọ́ kàn ń tẹ̀lé e ni." Bí àwọn tó ń ta àgbo ṣe ń pàṣẹ fún aláìsàn ló ṣe sọ ọ́, ojú rẹ̀ le koko. Inú bí mi débi pé mo ju ọmọrí ìkòkò kan sílẹ̀. Raliatou yọ ìwé kékeré kan jáde, ó kọ ọ́ sílẹ̀: ogójì ọjọ́. Àní ó fi kún un pé ọjọ́rú nìkan kò ní tó, òun á máa yà lọ́dọ̀ wa bí òun bá ń ti iṣẹ́ bọ̀ kí ogójì náà lè tètè pé.

Ló bá ń bọ̀. Orí ìkòkò mi tó tóbi jù lọ, èyí tí mo dojú rẹ̀ délẹ̀, ló máa ń jókòó sí. Ràhímù á tẹ bọ́tìnnì, á mi ọwọ́, Raliatou á dijú, á máa gbọ́. Bí orin bá tán, wọ́n á máa sọ̀rọ̀. Ó ń sọ fún un nípa àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, nípa èyí tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì àti èyí tó ń sunkún bí wọ́n bá ti pe orúkọ rẹ̀. Ohun tí n kò rí rí ni mo wá rí: Ràhímù ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn láìjá lù ú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fọ kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ó ń ra dèègé tútù, wàrà tí wọ́n po mọ́ ọkà, sílẹ̀ dè é. Nígbà tí ìyá rẹ̀ pè ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tó ní "Ṣé o ti rí i?", kò ní òun ṣì ń wá a. Ó ní, "Ìyá, ẹ máa ṣàdúà." Omi bọ́ lójú mi, mo sì bínú sí ara mi pé ó bọ́.

Mo pè é ní ọjọ́ kejì.

"Ràhímù, ìwé kan wà nínú páálí píánò yẹn. Wọ́n ya ìka sí i, wọ́n fi nọ́ńbà sí ìka kọ̀ọ̀kan. Eyín rẹ̀ pàápàá máa ń tan iná láti fi han alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibi tó máa tẹ̀. Kọ́ orin kan. Ẹyọ kan ṣoṣo."

"Àǹtí Ràmú, ẹ̀rọ yìí ti mọ̀ ọ́n. Kí ni mo tún fẹ́ kọ́?"

"Ọjọ́ tí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́ ńkọ́?"

"Yóò mọ̀ ọ́n. Gàráńtì oṣù mẹ́fà ló ní."

Mo ṣe họ̀ọ̀, mo padà sídìí ìkòkò mi. Ìwé náà, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ tó ń mì.

Nígbà tó yá, ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun ṣe alárinà. Kí n má tan ẹnikẹ́ni: n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Ṣakí ni mí, ọmọ Ṣakí ni Alhaji Taïrou, ọ̀rọ̀ mi wúwo nínú ilé yẹn. Ta ni kò ní fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ẹni tó wá ọkọ fún ọmọ tí gbogbo ọjà ti ní kò ní rí ọkọ? Mo ti rí àga tí wọ́n á gbé fún mi níwájú ní ọjọ́ yìgì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà o. Ojú mi ni orí ọmọ náà ṣe ń wọ́, èmi sì ń wo ibi tí wọ́n máa gbé àga mi sí.

Habiba, ìyá Raliatou, bi mí pé, "Ṣé lóòótọ́ ni ọkùnrin yìí mọ nǹkan yìí í tẹ̀?" Mo dá a lóhùn pé, "Habiba, mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́." Irọ́ kọ́ nìyẹn. Mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́ lóòótọ́.

Wàhálà méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni Alhaji. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ti ń kọrin, alágbe ni, ìbáà jẹ́ orí ìtàgé ló ti ń kọ ọ́, ìbáà jẹ́ ẹnu ọ̀nà onílé. Ó ti búra pé ọmọ òun kò ní fẹ́ alágbe. Nítorí náà, Habiba ní kí a má jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ píánò rárá. Rédíò ni ọkọ ìyàwó ń tà, ó parí. Èkejì ni Raliatou fúnra rẹ̀. Ó ní òun gbà, àmọ́ kí Ràhímù kọ́kọ́ wá tẹ píánò náà fún ìyá òun nílé. Mo bi í pé nítorí kí ni.

"Tantie Ràmú," ló wí, "gbogbo ọkùnrin tó ń wá, prix, prix, prix ni. Iye ilẹ̀, iye mọ́tò. Lui, ó jókòó, ó kọ́ nǹkan. Nǹkan tí kò mú owó wá. Ça, c'est rare, kò wọ́pọ̀. Mo fẹ́ kí maman rí i."

Mo ní ó dára. Ó yé mi nígbà yẹn pé kì í ṣe orin ni ọmọ yìí fẹ́ràn. Sùúrù tó rò pé ọkùnrin náà ti ní ló fẹ́ràn. Ràhímù kò sì ní i. Bó bá sì mọ̀ pé kò ní i, kò ní fẹ́ ẹ.

A mú ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, tí Alhaji máa lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Abobo. Gbaka ni a wọ̀ lọ sí Siporex níbi tí ilé wọn wà. Ràhímù wọ bùbá funfun, ó dé fìlà tuntun, ó gbé píánò kọ́ ẹ̀yìn bí ọmọ. Nínú ọkọ̀, ó ń mi ìka lórí itan rẹ̀, ó ń ṣe ìdánrawò. Obìnrin tó jókòó tì í rọra fà mí láṣọ, ó ní, "Tantie, ṣé ara ọkùnrin yìí yá?" Mo ní ó ń lọ fẹ́ ìyàwó ni. Ó ní "Ah, d'accord," ó sì sún kúrò díẹ̀.

Nígbà tí a dé, Habiba wà nílẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n ti gbé bissap tútù, ìyẹn zóbò, síwájú wa. Raliatou wọ aṣọ àdìrẹ kan tí n kò rí lọ́rùn rẹ̀ rí. Ràhímù tẹ́ píánò sórí tábìlì tó kọjú sí ògiri, ó jókòó kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó wá láti Accra ti fi hàn án bí orin náà ṣe lè máa tún ara rẹ̀ kọ, kó má baà tán lójijì. Ó ṣe bísímílà. Ó tẹ bọ́tìnnì, ó bò ó mọ́lẹ̀ pẹ̀lú apá bùbá rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀.

Kí n sọ òtítọ́, ó dára. Ó mi orí níbi tó yẹ. Níbi tí orin ti rọlẹ̀, òun náà rọlẹ̀, ó dijú. Habiba fi etí gèlè nu ojú. Raliatou fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ojú Ràhímù ló ń wò, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ká ní ọwọ́ ló wò ni, ì bá ti mọ̀ tipẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ràn èèyàn kì í wo ọwọ́.

Ni ilẹ̀kùn bá ṣí.

"Àsàlámù àlékúmù."

Alhaji Taïrou ni. Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni ìsọmọlórúkọ yẹn, kò sẹ́ni tó sọ fún un títí ó fi dé Abobo.

Ẹ rántí pé ọmọ Ìgbòho ni Ràhímù. Ní ilé bàbá rẹ̀, bí àgbà bá wọlé tí ìdí rẹ ṣì wà lórí àga, ẹ̀yìn rẹ ló máa sọ ìyókù. Ọdún mẹ́rìnlá ló fi kọ́ ẹnu rẹ̀ ní irọ́ ní Abidjan, kò rántí kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kó tó ronú, ó ti fò dìde lórí àga, ó ti yí padà, àyà rẹ̀ ti kan ilẹ̀ gbalaja níwájú Alhaji, fìlà rẹ̀ sì ti yí lọ sábẹ́ àga. "Ẹ káàbọ̀, sà," ló ń wí sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, sà."

Píánò ń bá orin rẹ̀ lọ. Ibi tó yára jù lọ gan-an ló kàn.

Alhaji wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀. Ó wo àga tó ṣófo. Ó wo píánò.

"Ta ní ń lu nǹkan yìí?"

Habiba wò mí.

"Mo ní ta ní ń lu nǹkan yìí? Àbí àlùjànnú ni?" Ó fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí ka àyátùl kúrúsíyù. Àbúrò Habiba gbá orí mú, ó sá wọ yàrá.

Raliatou rìn lọ sídìí tábìlì. Ó tẹ eyín funfun kan. Ó tẹ òmíràn. Orin náà kò bìkítà, ó ń lọ. Ó wá igun tí bọ́tìnnì náà wà, ó tẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Ràhímù ṣì wà nílẹ̀. A kì í dìde títí àgbà yóò fi ní ká dìde, Alhaji kò sì tíì rí ẹnu sọ ọ́.

Bí wọ́n bá ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá, ti Ràhímù kò rí oṣù mẹ́ta.

Habiba fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé fún ọkọ rẹ̀: pé ẹni tó ń wá Raliatou nìyí, pé a rò pé ó mọ píánò, pé ó jọ pé ẹ̀rọ náà ló ń dá kọrin. Alhaji ní kó tún un sọ.

"Ṣé ọkùnrin yìí kì í ṣe olórin?"

"Rárá, Alhaji," ni mo yára dáhùn. "Rédíò ló ń tà."

"Kò mọ orin rárá?"

"Kò mọ̀ ọ́n."

Alhaji bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Alhamdulillahi! Ẹni tó mọ ìdọ̀bálẹ̀ báyìí, tí kò sì mọ orin, kí ni mo tún ń wá? Dìde, ọmọ mi. Dìde. Mo ti fún ọ."

Ràhímù dìde. Eruku wà ní iwájú orí rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń tàn. Òmùgọ̀ náà rò pé òun ti borí. Kí ni mo ń bú u sí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mo ti ń wò ó bóyá bùlúù ni mo máa wọ̀ ní ọjọ́ yìgì.

"Papa, attends, ẹ dúró ná," ni Raliatou wí. Ó kọjú sí Ràhímù. "Donne-moi do."

Kò yé Ràhímù. Raliatou tún un sọ ní Yorùbá, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń sọ ọ́. "Ẹyọ kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní do. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún mi."

Do ló wà ní ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì Ràhímù. Àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún tó wà ní kíláàsì rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ràhímù súnmọ́ píánò. Ó wo eyín mọ́kànlélọ́gọ́ta náà. Ó nu ọwọ́ sí ṣòkòtò. Ìka rẹ̀ lọ sí funfun kan, ó fà á padà, ó lọ sí dúdú kan, ó tún fà á padà. Òógùn ń kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀. Níkẹyìn ó tẹ ọ̀kan. Èmi náà kò mọ èyí tó tẹ̀, àmọ́ mo rí ojú Raliatou.

"Ogójì ọjọ́ ni mo fi jókòó," ló wí. Kò pariwo. Ǹ bá fẹ́ kó pariwo. "Ká ní ẹ sọ fún mi pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, à bá jọ kọ́ ọ. Débutant ni wọ́n kọ sí i lára. Ó tó fún àwa méjèèjì."

Ràhímù yọ ọwọ́ kúrò lórí píánò.

"Ṣé nítorí orin ni o ṣe máa kọ ọkọ?" ni Alhaji ń bi Raliatou. "Ọmọ yìí, orin lásán!"

"Papa, kì í ṣe nítorí orin." Lẹ́yìn náà ló wá yíjú sí mi. "Tantie Ràmú. Ìsọ̀ yín ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ẹ mọ̀?"

Gbogbo wọn wò mí. Habiba, Alhaji, àbúrò Habiba tó ti yọ orí jáde láti yàrá. Ọjọ́ orí mi jẹ́ mọ́kàndínlọ́gọ́ta, mo ti lọ sí Mẹ́kà, mo ti bá èèyàn parí ìjà nínú ọjà yẹn ju iye ìkòkò tí mo ti tà lọ.

"Ọmọ mi, n kò mọ̀," ni mo wí. "Gbogbo wa ló tàn jẹ."

Ràhímù gbójú sókè, ó wò mí. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù fún un láti sọ kí èmi náà dìde kúrò nínú ilé yẹn pẹ̀lú ìtìjú, ó sì jẹ́ ọkùnrin tí n kò rí kó gbé ọ̀rọ̀ mì rí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú fìlà rẹ̀ lábẹ́ àga, ó gbọn eruku ara rẹ̀.

"Òótọ́ ni," ló wí fún Raliatou. "Àǹtí Ràmú kò mọ nǹkan kan."

Ó ká píánò náà sí méjì, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó kí Alhaji pé ó dàbọ̀, ó sì jáde lọ sójú títì. N kò tẹ̀lé e. Habiba jókòó tì mí, ó bu bissap mìíràn fún mi, ó ní kí n má jẹ́ kó dùn mí, pé kò sẹ́ni tí èèyàn burúkú kò lè tàn. Mo gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì mu ún.